Bí ẹ ṣe lè wá ìhun kẹ́míkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan owó

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń kàwé mi: "Mo ní orúkọ kẹ́míkà kan lọ́wọ́. Níbo ni mo ti lè rí bí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe so mọ́ra, láìsan owó?" Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ní orúkọ. Nọ́ńbà kan tí wọ́n rí lára ìgò ni wọ́n ní, tàbí àwòrán tí olùkọ́ yà sójú pátákó.

Ìdáhùn kúkúrú nìyí fún ẹni tí ń kánjú: ẹ lọ sí PubChem, àkójọ kẹ́míkà ọ̀fẹ́ kan, ẹ wá nǹkan náà, ẹ kọ́pì InChIKey rẹ̀, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí ẹ wá fi InChIKey yẹn yẹ̀ ẹ́ wò níbòmíràn kí ẹ tó gbà á gbọ́. Àlàyé lórí gbólóhùn kan yẹn ni gbogbo ìyókù. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa àwọn àkójọ bíi SciFinder àti Reaxys níhìn-ín, nítorí owó gọbọi ni wọ́n ń gbà. Bí iléèwé tàbí iléeṣẹ́ yín bá ti san án, ẹ lò wọ́n. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ púpọ̀ ló ṣeé ṣe láìsí wọn.

## Kí ló wà lọ́wọ́ yín ná?

Ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ ló ń sọ ẹnu ọ̀nà tí ẹ ó gbà wọlé. Ẹ wo èyí tó bá tiyín mu:

- Orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀, bí aspirin tàbí caffeine: ẹ gba PubChem lọ tààrà.
- Orúkọ gígùn tó kún fún nọ́ńbà, àkámọ́ àti dáàṣì: ẹ kọ́kọ́ lọ sí OPSIN, tó ń sọ orúkọ di ìhun.
- Nọ́ńbà CAS (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí iléeṣẹ́ CAS ń fún kẹ́míkà), bí 50-78-2: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti CAS Common Chemistry.
- SMILES, InChI tàbí InChIKey (àmì ìdánimọ̀ mẹ́ta tí mo ṣàlàyé nísàlẹ̀): ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí ìwákiri PubChem bó ṣe wà.
- Àwòrán nìkan: ẹ ó fọwọ́ ara yín yà á. Ọ̀nà rẹ̀ wà nísàlẹ̀.
- Fọ́múlà nìkan: ẹ lọ wá nǹkan mìíràn kún un.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ti fọ́múlà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Fọ́múlà ń ka átọ́ọ̀mù ni, kò sọ bí wọ́n ṣe so mọ́ra. C2H6O lè jẹ́ ethanol, ó sì lè jẹ́ dimethyl ether. Átọ́ọ̀mù kan náà, iye kan náà, síbẹ̀ ọ̀kan jẹ́ olómi tí ń hó ní nǹkan bí 78 °C, èkejì sì jẹ́ gáàsì, torí pé ní nǹkan bí -25 °C ló ti ń hó. Bí ẹ bá tẹ C2H6O sínú PubChem, àwọn méjèèjì ló máa jáde, àti àwọn mìíràn pẹ̀lú wọn. Bí fọ́múlà bá wá gùn díẹ̀, èsì á dà lé yín lórí débi tí ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ ó mú. Èmi kì í fi fọ́múlà wá nǹkan. Èsì tí mo ti rí ni mo máa ń fi í yẹ̀ wò. Bí ẹ bá sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣọ́ lẹ́tà ńlá àti kékeré: CO ni carbon monoxide, Co ni cobalt.

## Àmì ìdánimọ̀ mẹ́ta tí ẹ ó máa bá pàdé

SMILES jẹ́ ìlà kan tó ń ka mólékù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. CCO ni ethanol, COC ni dimethyl ether. Àmì = dúró fún ìdè onílà méjì, # dúró fún onílà mẹ́ta, nọ́ńbà sì ń fi ibi tí òrùka ti ṣí àti ibi tó ti padé hàn. Kò ṣòro láti kà, àmọ́ ó ní àléébù kan: mólékù kan ṣoṣo lè ní SMILES púpọ̀. C1=CC=CC=C1 àti c1ccccc1, benzene ni méjèèjì. Nítorí náà, bí SMILES ìkànnì kan kò bá jọ ti èkejì lójú, ẹ má tíì pariwo pé nǹkan ọ̀tọ̀ ni.

InChI gùn ju SMILES lọ, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú InChI=1S/. Wọ́n ṣe é lọ́nà tí mólékù kan fi ní ẹyọ kan péré, láìka ẹni tó kọ ọ́ sí. Ojú èèyàn kì í gbádùn rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún.

InChIKey ni ẹ ó fẹ́ràn jù. Àmì 27 ni gbogbo rẹ̀: lẹ́tà 14, dáàṣì, lẹ́tà 10, dáàṣì, lẹ́tà kan. Ti aspirin nìyí:

BSYNRYMUTXBXSQ-UHFFFAOYSA-N

Lẹ́tà 14 àkọ́kọ́ ló ń sọ bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe so mọ́ra. Apá àárín ló ń sọ nípa ọ̀tún àti òsì mólékù àti nípa isotope (átọ́ọ̀mù kan náà tí ìwúwo rẹ̀ yàtọ̀). Bí ẹ bá rí UHFFFAOYSA láàárín, ohun tó ń sọ ni pé kò sí àlàyé kankan nípa ọ̀tún tàbí òsì nínú ìhun náà: ó lè jẹ́ pé mólékù náà kò ní irú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó yà á kò sọ ọ́. A óò padà sórí èyí, torí ó ti kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà.

Ìkìlọ̀ kan: InChIKey kò ṣeé tú padà sí ìhun. Bí òun nìkan bá ló wà lọ́wọ́ yín, àfi kí ẹ rí àkójọ kan tó ti ní i. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ máa tọ́jú SMILES tàbí InChI pọ̀ mọ́ ọn.

## PubChem ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀

Ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, NIH, ló ni PubChem. Ó ti wà láti 2004, kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀ sì ti ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ẹ ò nílò láti forúkọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ibuprofen ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó ní ìṣòro kékeré kan nínú tó máa kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́.

1. Ẹ ṣí pubchem.ncbi.nlm.nih.gov, kí ẹ tẹ ibuprofen sínú àpótí ìwákiri tó wà láàárín.
2. Èsì tó wà lókè pátápátá, lábẹ́ "Best Match", ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ CID (nọ́ńbà ìhun ní PubChem) yóò jẹ́ 3672. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
3. Ẹ ṣí ojú ewé náà, kí ẹ fi ojú gán-ánní fọ́múlà àti ìwọ̀n mólékù: C13H18O2, 206.28. Bí ìwé tí ẹ ń kà bá sọ iye mìíràn, ẹ dúró níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iyọ̀ ibuprofen ni ìwé yín ń sọ.
4. Lábẹ́ "Structures", ẹ ó rí àwòrán pẹlẹbẹ àti èyí tó ṣeé yí káàkiri.
5. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé "Names and Identifiers". Ẹ kọ́pì InChIKey, HEFNNWSXXWATRW-UHFFFAOYSA-N, àti SMILES, CC(C)CC1=CC=C(C=C1)C(C)C(=O)O.
6. Ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ dé "Computed Properties". Nínú tábìlì yẹn, ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ "Undefined Atom Stereocenter Count" sí. Ti ibuprofen yìí jẹ́ 1.
7. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tẹ "Download" lókè ojú ewé. SDF ni kí ẹ mú bí ẹ bá fẹ́ fi ṣiṣẹ́ nínú ètò kọ̀ǹpútà mìíràn, PNG bí ẹ bá kàn fẹ́ àwòrán.

### Kí ni 1 yẹn ń sọ fún wa?

Ìgbésẹ̀ kẹfà ni ọ̀pọ̀ ń fò kọjá. Mólékù kan lè wà ní ọ̀nà méjì tó jọra bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì: ìka kan náà, ètò kan náà, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ ọ̀kan kò wọ èkejì. Ibuprofen ní irú ibi bẹ́ẹ̀ kan nínú ara rẹ̀. Iye 1 tó wà ní ìlà yẹn túmọ̀ sí pé CID 3672 kò sọ èwo nínú méjèèjì ni. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, nítorí àdàlù méjèèjì ni wọ́n sábà máa ń tà.

Àmọ́ bí ìwé tí ẹ ń kà bá kọ (S)-ibuprofen, CID 3672 kọ́ ni ẹ ń wá (S àti R ni orúkọ irú méjèèjì). Ẹ tẹ dexibuprofen, ẹ ó bá CID 39912. Ẹ wá to InChIKey wọn sórí ara wọn:

- ibuprofen tí kò sọ apá: HEFNNWSXXWATRW-UHFFFAOYSA-N
- (S)-ibuprofen: HEFNNWSXXWATRW-JTQLQIEISA-N
- (R)-ibuprofen: HEFNNWSXXWATRW-SNVBAGLBSA-N

Lẹ́tà 14 ìbẹ̀rẹ̀ kò yí padà, àárín nìkan ló ń yí. Nínú SMILES náà, ẹ ó rí i pé àmì @ ti wọlé: CC(C)CC1=CC=C(C=C1)[C@H](C)C(=O)O ni ti S. Àmì @ kan tí èèyàn gbàgbé láti kọ́pì ti tó láti sọ oògùn kan di òmíràn nínú tábìlì yín. Nínú ọ̀rọ̀ ibuprofen, irú S ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdínkù ìrora, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

Bí ẹ bá fẹ́ rí gbogbo ẹbí mólékù kan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wá apá "Related Compounds" lójú ewé náà, kí ẹ tẹ "Same Connectivity".

### CID, SID, AID

Ẹ má jẹ́ kí àwọn nọ́ńbà yìí dàrú mọ́ yín lójú. SID ni nọ́ńbà ohun tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí PubChem, bó ṣe fi ránṣẹ́. CID ni nọ́ńbà ìhun lẹ́yìn tí PubChem ti tò ó tán tó sì ti kó àwọn tó bára mu pọ̀. AID jẹ́ ti àyẹ̀wò nínú yàrá ìwádìí. Nígbà tí ẹ bá ń sọ ìhun, CID ni kí ẹ kọ. Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni ló ń kó dátà wá sí PubChem, ọwọ́ wọn kò sì dọ́gba. Ibi tí mo ti ń rí aṣìṣe jù ni àtòkọ orúkọ: orúkọ iyọ̀ kan a kó sábẹ́ ásíìdì rẹ̀, orúkọ irú S a kó sábẹ́ èyí tí kò sọ apá.

## Bí orúkọ náà bá gùn bí ìrù ejò

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ IUPAC (orúkọ tó ń tẹ̀lé òfin àjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ kẹ́míkà) rí: inú orúkọ náà gan-an ni ìhun wà. OPSIN, tí wọ́n kọ́ ní Yunifásítì Cambridge, ló mọ̀ ọ́n kà. Bí ẹ bá fún un ní 2-[4-(2-methylpropyl)phenyl]propanoic acid, ó máa yàwòrán ibuprofen fún yín, á sì fún yín ní SMILES, InChI àti InChIKey rẹ̀.

1. Ẹ kọ́pì orúkọ náà látinú ìwé.
2. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí OPSIN. Bí ìlà rẹ̀ bá já sí méjì nínú PDF, ẹ so ó pọ̀, kí ẹ yọ àlàfo tí kò yẹ kó wà níbẹ̀.
3. Bí ó bá kọ̀ ọ́, ẹ wo àwọn àkámọ́. Èyí tó ṣí gbọ́dọ̀ ní èyí tó tì í.
4. Ẹ mú InChIKey tó bá jáde lọ sí PubChem.

Àǹfààní rẹ̀ tó pọ̀ jù ni pé kò nílò kí mólékù náà ti wà nínú àkójọ kankan. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì ṣe é rí, OPSIN á ṣì yà á. Ẹ má kàn retí pé kí ó mọ orúkọ ọjà oògùn. Orúkọ tó ń tẹ̀lé òfin ni iṣẹ́ rẹ̀.

## Bí àwòrán nìkan bá ló wà

Ní PubChem, ẹ tẹ "Draw Structure" lábẹ́ àpótí ìwákiri. Pátákó ìyàwòrán kan máa ṣí.

1. Ẹ kọ́kọ́ mú òrùka láti inú àwọn irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ láàárín.
2. Ẹ fa ìdè jáde láti igun kọ̀ọ̀kan tó nílò rẹ̀.
3. Gbogbo igun jẹ́ kábọ́ọ̀nù títí tí ẹ ó fi yí i padà. Ẹ mú O tàbí N, kí ẹ tẹ igun tó yẹ.
4. Ẹ ò nílò láti ya háídrójìn. Kọ̀ǹpútà á fi wọ́n kún un fúnra rẹ̀.
5. Bí àwòrán yín bá ní ìlà tó dúdú tó sì gbòòrò sí ìparí, tàbí èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ẹ yà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Òun ni ọ̀tún àti òsì mólékù yẹn.
6. Bí ẹ ṣe ń yà á, SMILES rẹ̀ ń yọ lókè pátákó náà. Ẹ kọ́pì rẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìwákiri, kó má baà di pé ẹ tún un yà.

Lẹ́yìn tí èsì bá jáde, ẹ ó rí irú ìwákiri mẹ́rin, wọn kò sì jọ ara wọn rárá:

- Identity: mólékù yìí gan-an ni mo ń wá.
- Similarity: ẹ fi àwọn tó jọ ọ́ hàn mí. Ìwọ̀n Tanimoto ni wọ́n fi ń díwọ̀n jíjọ, ìdá 90 nínú 100 ni wọ́n sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Bí èsì bá kéré jù, ẹ dín in kù.
- Substructure: ẹ wá gbogbo mólékù tí ohun tí mo yà yìí wà nínú wọn.
- Superstructure: ẹ wá àwọn mólékù kéékèèké tó wà nínú ohun tí mo yà.

Ẹni tó bá ya benzene lásán tó sì tẹ Substructure ti ṣí odò sórí ara rẹ̀. Ẹ fi ohun tó ṣọ̀wọ́n sínú àwòrán yín kí èsì tó lè mọ níwọ̀n.

## Nọ́ńbà CAS àti bí ẹ ṣe lè dá ayédèrú rẹ̀ mọ̀

CAS Common Chemistry, ní commonchemistry.cas.org, jẹ́ ọ̀fẹ́. Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù kẹ́míkà ló wà níbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn tó wọ́pọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Nọ́ńbà CAS tó wà níbẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fún un gan-an wá, nítorí náà ibẹ̀ ni ẹ ti máa yanjú àríyànjiyàn.

Kí ẹ tó wá nọ́ńbà kankan, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ni ẹlẹ́rìí. Ẹ mú nọ́ńbà caffeine, 58-08-2:

1. Ẹ fi 2 ìparí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ku 5, 8, 0, 8.
2. Láti apá ọ̀tún, ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po 1, 2, 3, 4: 8×1, 0×2, 8×3, 5×4.
3. Ẹ ro wọ́n pọ̀: 8 + 0 + 24 + 20 = 52.
4. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú èsì náà ni 2. Ó bá ti ìparí mu, nọ́ńbà náà dúró dáadáa.

Ká ní ọwọ́ yín ṣì, tí ẹ kọ 58-80-2. Ìṣirò náà á fún yín ní 60, tó parí sí 0, kì í ṣe 2. Ẹ ti mú aṣìṣe náà láìṣí ìkànnì kankan. Ìdánwò yìí kò lè sọ bóyá nọ́ńbà náà jẹ́ ti kẹ́míkà tí ẹ ń wá o. Pé wọ́n kọ ọ́ dáadáa nìkan ló ń sọ.

## Níbo ló kàn lẹ́yìn PubChem?

Ẹ má lọ sí gbogbo wọn. Ẹ mú èyí tí iṣẹ́ yín béèrè.

ChEBI, àkójọ kẹ́míkà ti ilé ìwádìí EMBL-EBI ní Yúróòpù, kéré sí PubChem gan-an, àmọ́ èèyàn ló ń fojú yẹ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wò, wọ́n sì ń fi ìràwọ̀ sàmì sí èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Bí PubChem bá fún mi ní ìhun méjì tó ń bára wọn jà lórí orúkọ kan, ChEBI ni mo kọ́kọ́ máa ń lọ bi. CHEBI:5855 ni ibuprofen níbẹ̀.

ChEMBL, láti ilé kan náà, ni ti ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ tí mólékù kan ń ṣe lára purotéènì. CHEMBL521 ni ibuprofen, CHEMBL25 ni aspirin.

ChemSpider wà lọ́wọ́ Royal Society of Chemistry. Ó dára fún yíyẹ orúkọ wò, nítorí ó máa ń ya orúkọ tí àwọn onímọ̀ ti fọwọ́ sí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì wò.

NIST WebBook ni kí ẹ lọ bí ẹ bá ń wá spectrum (àwòrán tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń yà nípa kẹ́míkà), ooru ìhó àti irú dátà bẹ́ẹ̀.

RCSB PDB ń fi mólékù hàn níbi tó ti jókòó sínú purotéènì. Mólékù kéékèèké ní kóòdù tiwọn níbẹ̀: IBP ni ibuprofen, AIN ni aspirin, CFF ni caffeine. Ẹ ṣí 4PH9, ẹ ó rí ibuprofen nínú àpò purotéènì tó ń jẹ́ cyclooxygenase-2.

Crystallography Open Database (COD) jẹ́ àkójọ kírísítálì tí ẹnikẹ́ni lè gba fáìlì CIF rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lọ sí Access Structures ti CCDC, ilé àkójọ kírísítálì ní Cambridge. Ẹ lè wo ìhun kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ láìsan owó bí ẹ bá ní nọ́ńbà rẹ̀ tàbí DOI (nọ́ńbà ìdánimọ̀) ìwé tó gbé e jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ gbogbo ibi tí mólékù kan wà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fún UniChem ní InChIKey rẹ̀. Ọ̀nà tó tún rọrùn jù ni kí ẹ lẹ InChIKey náà mọ́ Google, kí ẹ fi àmì àyọlò há a mọ́ àárín.

## Àwòrán 3D: ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀ lásán

Àwòrán oníhà mẹ́ta tí PubChem ń fi hàn wuyì, ó ń yí, ó ń dán. Ṣùgbọ́n ìṣirò kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó wọn átọ́ọ̀mù wọ̀nyẹn nínú yàrá ìwádìí. Bí ẹ bá fẹ́ kọ gígùn ìdè sínú iṣẹ́ yín bí ohun tí wọ́n wọ̀n, inú kírísítálì ni kí ẹ ti mú un, láti COD tàbí CCDC.

Nígbà mìíràn ẹ ò tilẹ̀ ní rí 3D kankan. Ìkànnì náà kò bàjẹ́. PubChem kì í ṣe é fún mólékù tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ tí kì í ṣe háídrójìn bá ju 50 lọ, èyí tí ìdè rẹ̀ tó ń yí bá ju 15 lọ, tàbí èyí tó jẹ́ iyọ̀ tàbí àdàlù. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ lẹ SMILES náà mọ́ MolView, tàbí kí ẹ gba Avogadro sórí kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ìṣirò ni tiwọn náà, nítorí náà ìkìlọ̀ òkè yẹn ṣì dúró.

## Àwọn àṣìṣe tó ń pọ̀ jù

- Kíkọ́pì SMILES látinú PDF. Lẹ́tà l inú Cl a di I ńlá, O a di 0. Tí PubChem bá ní òun kò mọ SMILES yín, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.
- Gbígbàgbé iyọ̀. Àmì ìdánudúró nínú SMILES, ìyẹn . láàárín, túmọ̀ sí pé nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn ni wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí iyọ̀, ìwọ̀n wọn kò sì bá ti mólékù fúnra rẹ̀ mu. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n ásíìdì ṣírò fún iyọ̀ yóò wọn ohun tí ó kéré jù.
- Fífi èsì àkọ́kọ́ ṣe òótọ́. "Best Match" ń bá orúkọ mu, kì í bá èrò ọkàn yín mu.
- Títo InChIKey méjì, kí a sì wo lẹ́tà 14 ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Ibuprofen òkè yẹn ti fi ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ hàn.
- Lílo ìhun bí ìmọ̀ràn ìṣègùn. Pé ẹ rí ìhun oògùn kan kò sọ iye tí èèyàn lè lò.

## Bí ẹ bá ní àtòkọ gígùn

Títẹ orúkọ igba ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe iṣẹ́ èèyàn. Ẹ lọ sí Identifier Exchange ti PubChem, ní pubchem.ncbi.nlm.nih.gov/idexchange. Ẹ da àtòkọ yín síbẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fún un, orúkọ tàbí SMILES, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì gba fáìlì tó bá jáde.

Ẹni tó bá mọ ètò kọ̀ǹpútà kọ díẹ̀ lè lo PUG REST, ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ PubChem. Ẹ lẹ èyí mọ́ ibi àdírẹ́sì, kí ẹ wò ó:

https://pubchem.ncbi.nlm.nih.gov/rest/pug/compound/name/ibuprofen/property/InChIKey/TXT

InChIKey nìkan ló máa jáde, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan. Ẹ yí ibuprofen padà sí orúkọ mìíràn, ó parí. Ẹ ṣọ́ ohun méjì. Àkọ́kọ́, ẹ má béèrè ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Èkejì, bí SMILES yín bá ní #, àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù á gé e kù níbẹ̀. Ẹ kọ %23 dípò rẹ̀. Èyí tó bá ní / nínú, POST, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tí kì í fi dátà sínú àdírẹ́sì, ni kí ẹ fi rán an.

## Bí ìhun náà bá jẹ́ àṣírí

Ohun tí ẹ bá tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí mólékù tuntun tí ẹ fẹ́ gba pátẹ́ǹtì fún, tàbí tí iléeṣẹ́ kan fi sí ìkáwọ́ yín, ẹ má yà á sórí ìkànnì àjèjì. Ẹ gba DataWarrior tàbí RDKit sórí kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, orí kọ̀ǹpútà yín ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ lè gba fáìlì ChEMBL lódindi wálẹ̀, kí ẹ sì wá inú rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ó bá sì jẹ́ inú pátẹ́ǹtì àwọn ẹlòmíràn ni ẹ fẹ́ wo, SureChEMBL jẹ́ ọ̀fẹ́. PATENTSCOPE ti WIPO náà gba ìwákiri pẹ̀lú ìhun, ṣùgbọ́n ẹ ní láti forúkọ sílẹ̀ kọ́kọ́.

## Ohun tí ẹ ó kọ sílẹ̀ kí ẹ tó ti ojú ewé náà

- Orúkọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe bá a nínú ìwé yín
- CID, àti nọ́ńbà CAS tí ẹ ti fi ìṣirò yẹ̀ wò
- InChIKey lódindi, gbogbo àmì 27
- SMILES, pẹ̀lú gbogbo @ inú rẹ̀
- Iye "Undefined Atom Stereocenter Count"
- Ó jẹ́ iyọ̀ tàbí kò jẹ́ iyọ̀
- Ìkànnì kejì tí InChIKey náà ti bára mu
- Ọjọ́ tí ẹ wò ó, nítorí wọ́n máa ń tún ojú ewé wọ̀nyí ṣe láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni